Nígbà Tí Iye Ń Wálẹ̀: Kòrónà àti Àjẹsára ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Láàárín oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kẹrin ọdún 2021, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní kòrónà ní Nàìjíríà wálẹ̀ gidigidi. Ní oṣù Kìn-ín-ní, àwọn ọjọ́ kan wà tí iye tuntun lé ní 1,500. Nígbà tí oṣù Kẹrin fi rìn jìnnà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò tó 100. Àárín ìgbà yẹn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára wọ ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá wo ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀ yóò fẹ́ sọ pé abẹ́rẹ́ ló lé àrùn lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí wọn kò sì ní ẹ̀tàn kankan nínú. Wọ́n fẹ́ kí ará ìlú gba àjẹsára ni. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá to ọjọ́ tẹ̀lé ọjọ́, ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni ọkọ̀ òfuurufú gbé àjẹsára àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá: nǹkan bí 3,920,000 abẹ́rẹ́ AstraZeneca, tí Serum Institute ṣe ní Íńdíà, tí COVAX, ètò tó ń pín àjẹsára fún àwọn orílẹ̀-èdè, sì fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà ni wọ́n gún un fún dókítà kan ní National Hospital, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbà á nílẹ̀ yìí. Ọjọ́ mìíràn tún kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn, kó tó wá ti Ìbàdàn wọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ara pàápàá nílò ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́ta kó tó mọ ìjà tí abẹ́rẹ́ kọ́ ọ. Nígbà tí dókítà yẹn ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, iye tuntun lójúmọ́ ti kúrò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó ti di ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Bí a bá sì pín abẹ́rẹ́ tó dé yẹn fún orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò ní kan ènìyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Kí oṣù Kẹta tó parí, Íńdíà tí àrùn náà ti ń jà nílé rẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ àjẹsára tó ń jáde. Ó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ kí 4,000,000 abẹ́rẹ́ Moderna tó ti Amẹ́ríkà dé. Àrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú.

Ohun tó ní àríyànjiyàn ni pé kí ló wálẹ̀ gan-an, àti pé níbo. Mo fẹ́ fi ìlú méjì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, Ọ̀yọ́ Aláàfin àti Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé wọn kì í ṣe Èkó, wọn kì í sì í ṣe abúlé. Èrò wọn pọ̀, ọjà wọn ń kún, ilé ẹ̀kọ́ gíga wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá béèrè pé ní ọ̀sẹ̀ wo ni kòrónà ga jù ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí pé nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ní Ọ̀yọ́, kò sí ìwé kan tí gbogbo ayé lè ṣí láti dá a lóhùn.

Iye tí NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, gbé jáde, ti ìpínlẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lé díẹ̀ ní 10,000. Àwọn tó kú nínú wọn lé díẹ̀ ní 200. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ náà, 11 nínú wọn jẹ́ ti Ìbàdàn. Ìbàdàn ni àrùn ti kọ́kọ́ hàn, ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ibẹ̀ ni yàrá àyẹ̀wò wà. Ibẹ̀ ni dókítà pọ̀ sí jù. Nítorí náà nígbà tí iye ìpínlẹ̀ bá gòkè, Ìbàdàn ló gòkè. Nígbà tó bá wálẹ̀, Ìbàdàn ló wálẹ̀. Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tó jẹ́ ti ìlú Ọ̀yọ́, lè máa lọ ní ọ̀nà tiwọn lábẹ́ iye náà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Bákan náà ni Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, ká má tíì sọ ti Oríire, Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa tó yí wọn ká.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí. Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, a ṣì ń rí ìlú nínú iye. Gómìnà Ṣèyí Mákindé, ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé òun fúnra rẹ̀ ti kó o, tó sì bọ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, máa ń kọ ọ́ sójú òpó Twitter rẹ̀: iye báyìí ní ìjọba ìbílẹ̀ báyìí, iye báyìí ní òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tèmítọ́pẹ́ Àlọ́ńgẹ́, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn rí, ló di ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti kòrónà ní ìpínlẹ̀ náà mú nígbà tí gómìnà wà ní ìyàsọ́tọ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ a máa wo ìkéde yẹn bóyá orúkọ ìlú wọn wà níbẹ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, iye àpapọ̀ ìpínlẹ̀ ló kù lójú ará ìlú. Nígbà tó fi di ọdún 2022, NCDC alára kò gbé iye jáde lójoojúmọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa iye kan ṣoṣo láti ara aláìsàn dé orí ìwé, ká lè rí ibi tó ti ń já bọ́. Ní ìgbà àjàkálẹ̀ náà, bí ibà bá mú ẹnì kan ní Owódé ní Ọ̀yọ́, tó ń wúkọ́, tí orí ń fọ́ ọ, kẹ́mísì ló kọ́kọ́ ń lọ. Wọ́n á ta oògùn ibà fún un. Bí kò bá lọ, wọ́n á se àgbo. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn á yá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí èémí bá wá ń ṣòro, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Bí dókítà bá fura, yóò pe òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn fún ìjọba ìbílẹ̀. Òṣìṣẹ́ yìí yóò fi òwú gba nǹkan ní imú àti ọ̀fun, yóò kó o sínú ohun tútù, yóò sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn, sí yàrá àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì ní UCH. Èsì yóò jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò dé Àbújá, wọ́n a sì kà á mọ́ ọjọ́ tí èsì dé, kì í ṣe ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, iye ọjọ́ mélòó kan tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n máa ń kó jáde pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ìlà orí àtẹ a sì fò sókè bí ẹni pé àjálù tuntun dé.

Nínú gbogbo ìrìn yẹn, ohun kan lè yẹ̀ tí kò kan àrùn rárá. Ọkọ̀ lè má ní epo. Aláìsàn lè sọ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n wá fi ọkọ̀ tó ń ké gbé òun lọ lójú ará àdúgbò. Ìtìjú yẹn lágbára ní ọdún 2020, mo sì mọ àwọn tó fi àìsàn wọn pamọ́ nítorí rẹ̀. Dókítà lè má sí lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ síwájú, NARD, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Owó wọn ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn gan-an ni ìgbì kẹta àrùn náà wà lórí, ìgbì tí ẹ̀yà Delta gbé wá, èyí tí wọ́n ti rí nílẹ̀ yìí ní oṣù Keje. Ìlà tó wálẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ta ni yóò yọ ìpín ti ìyanṣẹ́lódì kúrò lára rẹ̀ fún wa?

Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló mú àrùn wálẹ̀. Ísírẹ́lì fi í hàn kedere. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn tó lé ní ọgọ́ta ọdún ni wọ́n sì fi ṣáájú. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2021 fi dé, àwọn àgbà ni iye wọn kọ́kọ́ wálẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí ti àwọn ọ̀dọ́ ṣì ga. Òfin konílé-ó-gbélé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àtọmọdé àtàgbà ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ọjọ́ kì í yan ọjọ́ orí. Abẹ́rẹ́ nìkan ló lè kọ́kọ́ dá àwọn tó gbà á sílẹ̀. Ní Ìlú Ọba, níbi tí àjẹsára ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n tún ní ohun mìíràn: ilé iṣẹ́ ìṣirò wọn, ONS, ń yan ilé káàkiri nígbà náà láìwo ẹni tó ń ṣàìsàn, wọ́n sì ń yẹ imú àti ọ̀fun àwọn ará ilé náà wò. Ìwádìí yẹn kò sinmi lé ẹni tó wá sí ilé ìwòsàn. Nítorí náà bí iye rẹ̀ bá wálẹ̀, àrùn ló wálẹ̀. Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Peckham tàbí Manchester lè mọ̀ nígbà náà bí kòrónà ti ń ṣe ní àgbègbè wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn òbí wọn nílé kò lè mọ ti àdúgbò tiwọn láti oṣù dé oṣù.

A ní ìwádìí kan tó sún mọ́ èyí, ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 2020, NCDC àti NIMR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ìjọba, yan ilé káàkiri ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá àmì pé kòrónà ti kọjá lára ènìyàn. Ní Èkó àti Enugu, 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì yẹn. Ní Nasarawa, 19. Ní Gombe, 9. Ní àkókò yẹn, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Èkó lé díẹ̀ ní 20,000. Ẹ bá mi wo ìyàtọ̀ náà: ìlú tí ọ̀kan nínú mẹ́rin-márùn-ún ti kó àrùn, nǹkan bí ogún ẹgbẹ̀rún péré ló wà nínú ìwé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sí lára mẹ́rin náà. Ṣùgbọ́n bí Gombe tó jìnnà réré sí pápákọ̀ òfuurufú Èkó bá lè ní 9, kí ìgbì kejì tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ìdí láti rò pé Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lójú ọ̀nà kéré sí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà yìí gba ká dúró díẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin gòkè: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, títí lọ sí Kano. Ìdá ńlá nínú ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tí àwọn òpìtàn rò pé ó kú ní Nàìjíríà kò ní orúkọ nínú ìwé kankan. Ojú irin yẹn kò gba Ọ̀yọ́, kò gba Ògbómọ̀ṣọ́. Ó yà sí Òṣogbo àti Ọ̀fà kó tó dé Ìlọrin. Ní ọdún 2020, ìlú méjèèjì ti di ojú títì gan-an. Ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ Ìlọrin ń gba Fìdítì, ó ń gba Ọ̀yọ́, ó ń gba Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń dúró, èrò ń sọ̀, èrò ń wọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yàn láti má ṣe konílé-ó-gbélé pátápátá. Òfin má-rìn-lóru ni wọ́n ṣe, láti agogo méje alẹ́ dé mẹ́fà òwúrọ̀. Ní ọ̀sán, ọjà oúnjẹ ń ná.

Ìrìn-àjò ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn bàbá wọn ti ń ṣòwò ní Gánà, ní Jos, ní òkè ọya, kí ojú títì tó dé. Lẹ́yìn tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ló padà sílé, àwọn mìíràn sì tún wá ọ̀nà lọ. Ìdílé tó fọ́n káàkiri bẹ́ẹ̀ ń pàdé nílé ní Kérésìmesì àti Iléyá, ní ìsìnkú àti ìwúyè. Ìgbì kejì gòkè ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 wọ oṣù Kìn-ín-ní. Ìgbì kẹrin, ti Omicron, gòkè ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Oṣù Kejìlá méjèèjì, ìgbà ìpadàwálé. Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ, ènìyàn sì ń sùn pọ̀ nínú yàrá kan nítorí àlejò kún ilé. Nígbà tí àlejò bá padà síbi iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní, tí àwọn tó ti kó o bọ́ níbẹ̀, àrùn kò ní rí ara tuntun tó pọ̀ mọ́, yóò sì rọlẹ̀. Èrò mi ni pé èyí ló ṣàlàyé ìwálẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 jù. Àrùn náà ló gba ara àwọn ènìyàn kọjá tó fi rẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n wa ló dá a dúró. Iye owó tí a san fún un, ní ẹ̀mí àwọn àgbà, ni a kò mọ̀.

Èyí kò sọ abẹ́rẹ́ di asán. Iṣẹ́ tó ṣe dájú jù ni pé ó ń dín ewu kí àìsàn náà di ti ikú kù fún àgbà, àti fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó kárí. Títí ọdún 2021 fi parí, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ pé ní Nàìjíríà kò tó ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ní Àbújá, wọ́n da abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan nù nítorí ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀bùn tó jẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó dé ọwọ́ wa. Ọdún 2022, nígbà tí àwọn agúnbẹ́rẹ́ ń tọ ènìyàn lọ sí ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ni iye àwọn tó gbà á wá fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ̀ sí i. Ìgbì ńlá ti tán nígbà yẹn. Ní Ìlú Ọba, abẹ́rẹ́ ń gòkè bí àrùn ti ń jà. Níhìn-ín, ó gòkè nígbà tí àrùn ti ń sùn. Èyí tún wá mú ohun àjèjì kan wá: nítorí pé gbogbo abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ sínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní EMID, ìjọba lè mọ ẹni tó gba àjẹsára ní Àtìbà ju bó ti lè mọ ẹni tí kòrónà pa níbẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ yìí ló sì kọ́ ayé ní ìtọpinpin àrùn. Ní Ogoja, ní ìparí ọdún 1966, Dókítà William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní abẹ́rẹ́ ìgbóná (ṣànpọ̀nná) tó tó gún gbogbo ènìyàn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ìgbóná wà gan-an, wọ́n ń béèrè láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì ń gún kìkì àwọn tó yí aláìsàn ká. Ìgbóná tán níbẹ̀ láìgún ìdajì ìlú. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n mú kárí ayé tí ìgbóná fi parun. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, ìtọpinpin ni wọ́n fi ká a mọ́ àwọn 20 tó mú, tí 8 nínú wọn kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ WHO kéde pé ó ti tán. Nínú méjèèjì, ìmọ̀ ibi tí àrùn wà ló ṣáájú oògùn. Nígbà tí kòrónà dé, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ṣì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wálẹ̀ ni agbára tí a fi tì wọ́n lẹ́yìn, ó sì wálẹ̀ kí àrùn tó wálẹ̀ tán.

Ikú ló burú jù. Mùsùlùmí ń sin òkú rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ Krìsìtẹ́nì ń sin tiwọn sí àgbàlá. Ìjọba kò mọ̀, àjọ tó ń kọ ikú sílẹ̀ kò gbọ́. Bàbá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin tó wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó kú, àgbà ló lọ, a ṣe ìnáwó, ó tán. Bí irú rẹ̀ bá ti tó ogún ní àdúgbò kan láàárín oṣù kan, olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan mọ ti ẹbí rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ogún náà.

A ṣì lè bá díẹ̀ nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn àti ilé ìlera alábọ́ọ́dé ń kọ orúkọ ẹni tó wá àti ohun tó ń ṣe é sínú ìwé ńlá lójoojúmọ́. Ìwé ọdún wọ̀nyẹn kò tíì gbó jù. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì LAUTECH, ó ní ti Yunifásítì Bowen, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà láti ọdún 1907 tí Dókítà George Green ti dé pẹ̀lú àwọn Onítẹ̀bọmi. LAUTECH sì ní ibùdó ìwádìí lórí àwọn àrùn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, tí àjọ Humboldt ti Jámánì ń tì lẹ́yìn. Ọ̀yọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó ní Yunifásítì Ajayi Crowther. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan jókòó ti àwọn ìwé wọ̀nyẹn, láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018 dé oṣù Kejìlá ọdún 2022, ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó jẹ́ ìlú méjèèjì. Kí wọ́n ka iye ẹni tó wá pẹ̀lú ikọ́ àti ibà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Kí wọ́n gba ìwé ìsìnkú lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó bá ní i. Bí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 bá ga ju ti 2019 àti 2020 lọ, a ó mọ̀ pé ìgbì kejì kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ó sì mọ ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Bí àwọn àgbà bá kọ́kọ́ dínkù láàárín ọdún 2022, ìpín ti abẹ́rẹ́ nìyẹn. Bí kò bá sì sí ìyàtọ̀ kankan, ó lè jẹ́ pé àrùn náà kò jà níbẹ̀ tó bí a ti rò, ó sì lè jẹ́ pé àwọn aláìsàn kò wá sí ilé ìwòsàn rárá ní oṣù wọ̀nyẹn. Ìwé ìsìnkú ni yóò là á.